Bí Èèyàn Bá Ti Ń Sùn Níbẹ̀, Kì í Ṣe Gbọ̀ngàn Ìsìn Nìkan Mọ́

Bí iná bá jó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tàbí tí ilé kan wó ní Ẹbúté Mẹ́ta tí ìjọba sì ní kí àwọn tó ń gbé ilé tó fara tì í jáde kíákíá, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ayálégbé máa kọ́kọ́ gbé ẹrù wọn sí. Bàbá alùfáà á ní kí wọ́n wọlé. Àwọn ọ̀ṣà á kó àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ìyá ìjọ á gbé ẹní àti fóòmù wá, ilẹ̀ ò ní tíì ṣú tán tí gbọ̀ngàn á fi di ibùsùn. Ohun tó dáa ni. Kò sì sí ẹni tó máa dúró béèrè lálẹ́ ọjọ́ náà pé irú ilé wo ni ilé yìí ti dà lójú òfin.

Ìbéèrè yẹn la fẹ́ jókòó tì níbí, torí èsì tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọ máa ń fún un kò tọ̀nà. Wọ́n á ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì ló wà nínú pláànù, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fọwọ́ sí, ṣọ́ọ̀ṣì náà ló jẹ́." Òfin ilé kíkọ́ kì í wo ohun tó wà lára pátákó ìta. Ohun tí èèyàn ń ṣe nínú ilé ló ń wò, oorun sì wà lára ohun tó kọ́kọ́ ń wá. Èrò 300 tó ń ṣe ìṣọ́ òru títí ilẹ̀ fi mọ́ ṣì wà nínú gbọ̀ngàn ìsìn, torí ojú wọn là. Bí wáyà bá ń jóná lẹ́yìn pẹpẹ, ẹnì kan á gbóòórùn rẹ̀, á sì pariwo. Ẹni 30 tó sùn lọ fọnfọn nínú gbọ̀ngàn kan náà ti di nǹkan mìíràn. Èéfín kì í jí ẹni tó ń sùn. Ó tún máa ń kùn ún ní oorun ni. Tó bá tiẹ̀ jí, ó jí sínú òkùnkùn, nínú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ń wá ọmọ, ó ń wá bàtà, kò rántí ibi tí ìlẹ̀kùn wà.

Ìwé tó yànàná ọ̀rọ̀ yìí jù ni International Building Code tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ayàwòrán ilé àti ẹnjiníà tiwa náà máa ń ṣí wò. Kì í ṣe òfin Èkó o, ṣùgbọ́n bó ṣe pín ilé sí ìsọ̀rí mọ́lẹ̀ kedere. Ilé ìjọsìn wà ní A-3, ọ̀kan lára ìsọ̀rí ibi tí èrò ń péjọ sí. Ibi tí èèyàn ń sùn wà lábẹ́ R. R-1 ni ti àwọn tí kò ní pẹ́ lọ, bí òtẹ́ẹ̀lì. R-2 ni ti àwọn tó fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé, bíi fúláàtì tàbí họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. R-3 ni ti ilé kéékèèké. Ọjọ́ 30 ni ààlà àárín àlejò àti ẹni tó ń gbé ilé: ẹni tí kò bá lò ju 30 lọ, àlejò ni, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ìwé náà ti kà á mọ́ ará ilé. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn àlejò tó ń gbé pọ̀ lójú kan kò ju 10 lọ, R-3 ni wọ́n, ohun tí òfin ń béèrè níbẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti òtẹ́ẹ̀lì lọ dáadáa.

Ẹ wo 10 yẹn dáadáa, torí òun ló yẹ kí ó kọ́kọ́ darí ìpinnu. Ọ̀pọ̀ ìjọ l'Ékòó ló ní ẹ̀ka tí kò jìnnà síra wọn. Bí ẹbí mẹ́jọ bá di aláìnílé, ojú àánú á ní kí a kó gbogbo wọn sí gbọ̀ngàn àgbà, kí oúnjẹ àti àbójútó lè wà lójú kan. Lójú tiwa, kí ẹ̀ka mẹ́rin gba ẹbí méjì-méjì sí yàrá tó ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀ sàn ju kí èèyàn 40 sùn sójú kan lọ. Ewu rẹ̀ kéré, òfin rẹ̀ rọrùn, ilé ìyàgbẹ́ kò sì ní kún láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Gbólóhùn kan tún wà nínú ìwé kan náà tí àwọn tó ń jiyàn kì í kà dé: yàrá tí a bá ń lò fún ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ òfin ìlò kọ̀ọ̀kan lọ́rùn. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá ń ṣe ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi tí ẹ sì ń tẹ́ ẹní láti alẹ́ Ajé sí alẹ́ Àbámẹ́ta, ẹ ò lè mú èyí tó rọ̀ jù nínú méjèèjì. Ọ̀nà ìjáde gbọ́dọ̀ tó fún èrò Ìsinmi, ìkìlọ̀ iná sì gbọ́dọ̀ tó fún àwọn tó ń sùn. Àwọn kan á fi yàrá Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi gbèjà ara wọn, pé òfin sọ pé apá kan ṣọ́ọ̀ṣì ni. Òótọ́ ni pé bí èrò tó ń gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nínú yàrá kan kò bá tó 100, ìwé náà kò yọ yàrá ọ̀hún kúrò lára ilé ìjọsìn. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n yọ̀ǹda. Ibùsùn kò sí nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ibi tí àwọn fún àlejò kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àjà yẹn, pé ìlò àfikún lásán ni. Ìyẹn náà ò yọ yín, torí ìwé náà ṣì fẹ́ kí ògiri tó lè dá iná dúró wà láàárín yàrá tí èèyàn ń sùn àti ìyókù ilé.

Ìròyìn ayọ̀ kan wà níbẹ̀ ṣá. Ìwé kejì tí wọ́n kọ fún ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀, International Existing Building Code, to àwọn ìsọ̀rí sí ìpele ewu, ní ti ọ̀nà ìjáde, A àti R-1 jọ wà ní ìpele kan náà ni. Gbọ̀ngàn tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ tó fún ìsìn ní tòótọ́ kò ní pọn dandan kó lu ògiri sí i torí pé èèyàn 40 ń sùn níbẹ̀. Ibi tó ti ń jìn sí kòtò ni omi tó ń tú fúnra rẹ̀ láti òkè àjà, tí wọ́n ń pè ní sprinkler. Ìwé náà fẹ́ ẹ ní gbogbo ibi tó bá wà lábẹ́ R. Ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò mélòó lẹ rí i rí l'Ékòó? A máa padà síbẹ̀.

Nílé wa níbí, National Building Code ti ọdún 2006 wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kan ìlẹ̀kùn yín. Òfin ìṣètò ìlú ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2010, ló gbé àjọ LASPPPA dìde láti máa fúnni ní ìwé àṣẹ pláànù, ó sì gbé àjọ LASBCA dìde láti máa bójú tó ilé tí wọ́n ń kọ́ àti èyí tó ti wà. Bí ẹ bá fẹ́ yí ohun tí ẹ ń fi ilé ṣe padà títí lọ, LASPPPA lẹ máa lọ bá fún ìwé àṣẹ ìyípadà ìlò. Àjọ Safety Commission ti Ìpínlẹ̀ Èkó ń wo ààbò èrò, panápaná ń wo ti iná, LASEMA, àjọ ìpínlẹ̀ fún pàjáwìrì, ló sì ni ọ̀rọ̀ àwọn tí àjálù lé kúrò nílé. A ò rò pé ó bọ́gbọ́n mu kí ìjọ kan máa sáré ìwé ìyípadà ìlò nítorí òru mẹ́rin. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí lẹ́tà olójú ewé kan ti dé ọ́fíìsì LASBCA tó sún mọ́ yín àti ọ̀dọ̀ LASEMA láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ: iye àgbà àti ọmọdé, àjà tí wọ́n ń sùn, iye ìlẹ̀kùn tó ń ṣí síta, ẹni tó ń ṣọ́nà lóru pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ rò pé wọ́n máa kúrò.

Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn aláṣẹ l'Ékòó kì í ṣe ti iná nìkan. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fájì níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ wà lókè ilé tí wọ́n kọ́ fún ibùgbé. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2014, ilé àlejò ṣọ́ọ̀ṣì kan wó ní Ìkọ̀tun-Ẹ̀gbẹ́, èèyàn 116 ló kú síbẹ̀. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá gbọ́ "ṣọ́ọ̀ṣì" àti "àlejò" nínú gbólóhùn kan, ojú tó fi máa wò yín á yàtọ̀. Ẹ má bínú sí i.

Ìṣirò ẹrù ilé, ìyẹn ìwúwo tí dẹ́kìn gbọ́dọ̀ lè gbé, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ burú fún àwọn tó ń sùn, bí ilé bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́ fún ìsìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìlànà Bìrìtìkó tí àwọn ẹnjiníà wa jogún, dẹ́kìn yàrá ilé gbígbé gbọ́dọ̀ lè gbé kilonewton 1.5 lórí sukúéà mítà kan, ìyẹn nǹkan bíi kílò 150. Ti gbọ̀ngàn tí àga rẹ̀ ṣeé gbé kiri jẹ́ 5, nǹkan bíi kílò 500. Èèyàn 50 tó nà sílẹ̀ lórí fóòmù nínú gbọ̀ngàn tó fẹ̀ kò tó nǹkan lára dẹ́kìn tó ti gbé ẹgbẹ́ akọrin tó ń jó lọ́jọ́ Ìkórè. Ewu wà ní òdìkejì: àwọn ìjọ tó gba àjà kejì ilé fúláàtì ní Muṣin tàbí ní Bàrígà, tí wọ́n wó ògiri àárín kí ó lè di gbọ̀ngàn. Kì í ṣe àwọn àlejò tó ń sùn ni ó yẹ kó bà yín lẹ́rù níbẹ̀, ìsìn Ìsinmi gan-an ni. Bí ẹ ò bá mọ bí kọnkéré ilé yín ṣe lágbára tó, ilé àyẹ̀wò ohun ìkọ́lé ti ìjọba Èkó lè wá fi òòlù Schmidt, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára kọnkéré, tẹ ara òpó àti ìtì, láìní dá ihò sí i lára.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ ẹrù ilé ni ti bíríkìlà tí wọ́n máa ń ké sí lọ́sẹ̀ kejì. Àwọn àlejò ń ráhùn pé ojú gbogbo ayé ń wo àwọn, ìgbìmọ̀ á ní kí wọ́n fi bulọ́ọ̀kù pín gbọ̀ngàn òkè sí yàrá mẹ́rin. Bulọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án tó ń lọ sí sukúéà mítà ògiri kan jẹ́ mẹ́wàá. Ògiri tó ga ní mítà 3 á jẹ bulọ́ọ̀kù 30 lórí mítà gígùn kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi kílò 25 ka ọ̀kan, tí ẹ ro sìmẹ́ǹtì àárín rẹ̀ àti ìrẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ ọn, ó ń sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan lórí mítà kan, gbogbo rẹ̀ sì dúró lórí ìlà tóóró níbi tí ẹnjiníà kò ti fi ìtì kankan sí lábẹ́. Pláíwúùdù náà kọ́ o: ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n igi ni, iná á gbà á. Pákó jípsọ́ọ̀mù lórí férémù irin ló dáa, tàbí kí ẹ ta okùn kí ẹ fi aṣọ òwú tó nípọn kọ́ ọ, kó má dé ilẹ̀ tán, kó má sì dé òkè àjà, kí ẹni tó ń ṣọ́nà lè rí ẹsẹ̀, kí ó sì lè rí èéfín.

Èèyàn mélòó ló lè sùn sínú gbọ̀ngàn kan? Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó jẹ́ mítà 20 ní gígùn àti 12 ní ìbú. Sukúéà mítà 240 nìyẹn. Lọ́jọ́ ìsìn, tí wọ́n bá to àga ṣíṣí, ìwé Amẹ́ríkà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi 0.65, torí náà ó lè lé ní èèyàn 300. Fún ibùsùn àjọsùn, 4.65 ló fún ẹnì kan, pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ pátá: èèyàn 51. Ìlànà Sphere tí àwọn tó ń ṣe ìrànwọ́ àjálù ń tẹ̀ lé káàkiri ayé ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 3.5 tirẹ̀ gangan. Bí ẹ bá yọ pẹpẹ, ibi tí àga kíkójọ wà, àti ọ̀nà ìrìn kúrò, ó lè ku 180. Ẹ fi 3.5 pín in, 51 náà ni. Bí ọ̀nà méjì bá gbé yín dé iye kan náà, ẹ lè gbọ́kàn lé e. Gbọ̀ngàn tó ń gba 300 lọ́jọ́ Ìsinmi, 50 ni àwọn tó lè sùn níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó bá ní "ó ṣì gba ọgọ́rùn-ún" ń fi àga ka ibùsùn.

Ìlẹ̀kùn wá ni iṣẹ́ wà. Kì í ṣe pé kò sí. Gbọ̀ngàn wa sábà máa ń ní mẹ́ta: ti iwájú, ti ẹ̀gbẹ́, ti yàrá aṣọ alùfáà. Lọ́sàn-án Ìsinmi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ní aago mẹ́wàá alẹ́, ọlọ́dẹ á ti géètì, á fi ṣéènì àti páádì lọ́ọ̀kì dí ti ẹ̀gbẹ́, torí wọ́n ti jí máíkì àti amplifáyà gbé lẹ́ẹ̀kan rí. Ti alùfáà ti wà ní títì láti Ìsinmi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ẹnì kan ní Súrùlérè. Gbọ̀ngàn onílẹ̀kùn mẹ́ta ti di ti onílẹ̀kùn kan, géètì tó wà níwájú rẹ̀ sì tún wà ní títì. Bí a bá ní kí a sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, òun ni: kò gbọ́dọ̀ sí ìlẹ̀kùn kankan lójú ọ̀nà àbájáde tó nílò kọ́kọ́rọ́ láti inú, níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ń sùn níbẹ̀. Fún ibi tí èrò 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ń péjọ sí, ìwé Amẹ́ríkà fẹ́ kí ìlẹ̀kùn ṣí síta, kí ohun tó dè é sì jẹ́ ọ̀pá tí èèyàn á kàn fi ara tì. Àwọn tó ń ta kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn ní ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Bí owó kò bá sí, bóòtì ẹyọ kan tó ń fà láti inú tó. Ẹ kó máíkì àti amplifáyà lọ sí yàrá mìíràn.

Ọ̀nà ìrìn láàárín fóòmù: ẹ fi téèpù aláwọ̀ ofeefee fa ìlà méjì tó jìnnà síra ní mítà 1.1 láti ìlẹ̀kùn kan dé èkejì. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, báàgì Gánà Mọ́sì-Gò á ti kún un. Ojoojúmọ́ lẹ máa kó o kúrò, kò sí ọgbọ́n mìíràn.

Yàrá kékeré tó ní ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo, ẹ wo fèrèsé rẹ̀. Kí èèyàn lè gba ibẹ̀ jáde, ihò tó ṣí sílẹ̀ gbọ́dọ̀ tó sukúéà mítà 0.53, kó ga ní 610 mílímítà ó kéré tán, kó fẹ̀ ní 508, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ga ju 1,118 lọ sí ilẹ̀. Fèrèsé tó ń yí gbirigbiri lórí réèlì ń tan àwọn èèyàn jẹ: ìdajì rẹ̀ ló ń ṣí. Èyí tó fẹ̀ ní 1,200, 600 péré ló fún yín, kò sì ní tó àfi bí ihò náà bá ga tó nǹkan bíi 890. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bọ́gíláárì wà, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Wẹ́dà lè gé apá kan rẹ̀ kí ó so ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ híńjì, kí ó fi bóòtì inú de ẹ̀gbẹ́ kejì, kó má jẹ́ páádì lọ́ọ̀kì. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Bí yàrá náà bá wà lórí àjà kejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn síbẹ̀ rárá. Láìsí omi òkè àjà, ilẹ̀-ẹ̀ẹ̀lẹ̀ nìkan la fọwọ́ sí. Gálárì àwọn akọrin kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Iná ṣọ́ọ̀ṣì ní ohun tó ń jẹ. Aṣọ ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ta sókè àjà àti sẹ́yìn pẹpẹ ni àkọ́kọ́, pọ́líẹ́sítà ni púpọ̀ nínú rẹ̀, tó bá gbiná ó ń kán sílẹ̀ bí epo gbígbóná sórí ẹni tó sùn. Ẹ tú u sílẹ̀. Fóòmù ni ìkejì: èéfín rẹ̀ dúdú, májèlé wà nínú rẹ̀, ó sì ń kún yàrá kí iná tó tóbi. Ní àwọn ìjọ aláṣọ funfun, àbẹ́là ni ìkẹta. Ẹ tàn án lórí àwo irin tó ní iyanrìn, kí ẹnì kan dúró tì í, kí ó sì kú kí wọ́n tó tẹ́ ẹní. Kọ́ìlì ẹ̀fọn, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀.

Ẹksténṣọ̀n ló ń fa wàhálà ju gbogbo wọn lọ. Èèyàn 50 ní fóònù 50. Fóònù kò wúwo, àmọ́ ẹnì kan á mú kẹ́tùlù wá, ẹlòmíràn á mú áyọ́ọ̀nù, ìyá ọmọ ọwọ́ á mú hótípíléètì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13A lórí 230V kò lè gbé ju 2,990W lọ. Kẹ́tùlù 2,000W àti áyọ́ọ̀nù 1,200W lórí ẹksténṣọ̀n kan ti kọjá rẹ̀, wáyà tóóró inú ẹksténṣọ̀n ọjà sì lè gbóná kí fíùsì tó já. Bí ẹlẹ́ńtírísíànì bá ti fi wáyà 1.5mm, tó yẹ fún gílóòbù, fa sọ́kẹ́ẹ̀tì dípò 2.5mm, ooru náà wà nínú ògiri níbi tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ẹ ṣètò tábìlì kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà fún fóònù, kí ẹ yọ gbogbo ẹksténṣọ̀n tó kù. Síse oúnjẹ, ìta ni, lábẹ́ ìbòrí, sílíńdà gáàsì jìnnà sí ògiri gbọ̀ngàn.

Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nínú kọ́rídọ̀, tàbí lábẹ́ àtẹ̀gùn, tàbí lábẹ́ fèrèsé. Afẹ́fẹ́ búburú tó ń tú jáde kò ní òórùn, ó sì ti pa odindi ẹbí lójú oorun. Lórí Erékùṣù Èkó níbi tí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àti ti aládùúgbò ti fara kanra, kò sí ibi tó jìnnà tó. Ẹ pa á ní aago mẹ́wàá, kí ẹ lo iná tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́.

Nísinsìnyí, omi òkè àjà tí kò sí. Ohun tí a lè fi dí i ni ojú tó là. Aago èéfín oníbátìrì, tó ń dún bí èéfín bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin nínú gbọ̀ngàn tí a ń sọ yìí, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìdánwò rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀fun oníkílò 9 lẹ́bàá ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo àmì tó wà lórí rẹ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní aláwọ̀ ewé. Ẹni méjì tí wọn ò ní sùn, tí wọn ò ní iṣẹ́ mìíràn: wọn kì í ṣe ọlọ́dẹ géètì, wọn kì í ṣe àlejò. Kí wọ́n yí ilé ká ní ìṣẹ́jú 30-30 pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n máa buwọ́ lu ìwé. Agogo ọwọ́ tí ẹ fi ń pe ìjọ sí àdúrà ni kí wọ́n mú lọ́wọ́, torí máíkì kò wúlò bí iná bá lọ. Kí gbogbo àlejò gbọ́ dídún agogo náà ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n jáde pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n sì péjọ sí òdìkejì títì, kì í ṣe sínú ọgbà, kí ọkọ̀ panápaná lè ríbi wọlé. 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà tí wọ́n máa pè, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri pẹ̀lú àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀ṣì, torí ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè gbàgbé orúkọ àdúgbò.

Omi àti ilé ìyàgbẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lítà 15 fún ẹnì kan lójúmọ́, 750 fún èèyàn 50, tánkì 1,000 kan tí ẹ ń kún lójoojúmọ́. Ilé ìyàgbẹ́ kan fún 20, ti obìnrin kó ju ti ọkùnrin lọ. Sókàwéè tí wọ́n gbẹ́ fún ìlò ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ á kún kíákíá. Ẹ pe ọkọ̀ tó ń fa á kó tó ṣàn.

Ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn àti aláboyún yàtọ̀ pátápátá, ibẹ̀ sì ni ilé àgbẹ̀bí àti ilé àdúrà wa ti ń wọ ìsọ̀rí tí wọn ò mọ̀. Bí àwọn tí ẹ ń tọ́jú tọ̀sán-tòru bá ju márùn-ún lọ, tí wọn ò sì lè dìde sálọ fúnra wọn, ìwé Amẹ́ríkà ti gbé ilé náà kúrò lábẹ́ R sí I-2, ìsọ̀rí ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ èèyàn tó ju márùn-ún lọ láti ìta, ì báà jẹ́ "kí wọ́n má bàa rìn lóru", I-3 nìyẹn, ìsọ̀rí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò tó kọ́ ilé tó yẹ fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Nínú àwọn àlejò àjálù, ẹ lè gba aláboyún kan tàbí arúgbó méjì tó ń fi ọ̀pá rìn, kí wọ́n sùn ti ẹnu ọ̀nà, kí orúkọ ẹni tó máa gbé wọn jáde wà ní kíkọ. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ atẹ́gùn tàbí tí kò lè dìde, ilé ìwòsàn ni, lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìwé orúkọ ló ń pa ọjọ́ 30 mọ́. Orúkọ, ọjọ́ tó dé, ilé tó ti wá, nọ́ńbà ẹnì kan tí kò sí nínú gbọ̀ngàn. Àwọn ìjọ kan ti gbọ́n ọgbọ́n kan: ní ọjọ́ 29 wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn lọ sùn níbòmíràn lóru kan, kí wọ́n padà wá bẹ̀rẹ̀ òǹkà tuntun. Kò sí òṣìṣẹ́ tó lóye tí ìyẹn máa tàn jẹ, bí iná bá sì ṣẹlẹ̀, ìwé orúkọ yẹn gan-an ni agbẹjọ́rò máa gbé síwájú adájọ́. Láti ọjọ́ 20 ni kí ẹ ti pe LASEMA; ìjọba ní ibùdó àwọn tí àjálù lé kúrò nílé ní Àgbọ̀wá àti ní Ìgàndó. Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ lọ Àgbọ̀wá, torí ó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń jẹun ní Ìdúmọ̀tà tàbí Ọyíngbò. Fún irú wọn, owó tí ìjọ ń ná lórí dísẹ́ẹ̀lì àti omi fún oṣù kan lè tó san owó ilé yàrá kan fún ẹbí kan tàbí méjì, ìgbìmọ̀ tó bá sì ṣe ìṣirò yẹn ní ọ̀sẹ̀ kìíní kò ní dé ọjọ́ 30 rárá.